Píńtì mélòó lẹ ti gbà?

Dókítà obìnrin kan ló bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́dún 2021. Mo ń wò ó bọ̀ọ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó ka irun orí rẹ̀. Ó tún un sọ: láti kékeré títí dòní, àpò ẹ̀jẹ̀ mélòó ni wọ́n ti fà sí mi lára? Mo ní, "Ó pọ̀, mà." Ó gbé bíírò rẹ̀ dúró. "Ó pọ̀ kì í ṣe iye, àǹtí mi."

SS ni mí, ẹni ọdún 38, aláró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí l'Òṣogbo. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fòníkú-fọ̀ladìde fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń bá a gbé mọ̀ bó ṣe ń ta. Ohun tó bá mi látinú ìtọ́jú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí pé fún ọdún tó ju 30 lọ kò sẹ́ni tó pè mí sí i, èmi náà ò sì béèrè. Irin ni. Irin tó kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ mi àti àwọn ibòmíràn tí kò yẹ kó gbé.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, nọ́ńbà kan ló ń darí ilé wa: PCV, ìyẹn òṣùwọ̀n tí láàbù fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára. Bí ẹyinjú mi bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ mi sì funfun, ìyá mi á pọ̀n mí, ó di ilé ìwòsàn aládàáni kan. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé bí PCV bá ti kéré sí 25, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa gbé kọ́. Wọn kì í wò bóyá mò ń mí dáadáa, bóyá mò ń ṣeré, bóyá mo jẹun. Ìwé láàbù ni wọ́n ń wò. Ìyá mi náà sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní ká máa lọ sílé láìfa ẹ̀jẹ̀, á ní wọn ò ka ọmọ òun sí.

Mo ti di ẹni ọdún 34 kí n tó gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa SS, PCV wa kì í kúrò láàárín 20 sí 30, kí ara wa sì le. Tèmi, 22 ni. Bó bá wà ní 22, tí mo lè rìn dé Ọjà Ọba kí n sì padà láìdúró sinmi, ara mi ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti kọ 22 yẹn sórí káàdì mi láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mi ò rò pé mo máa gba ìdajì ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà.

Nílé ńkọ́? Oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kò gbọdọ̀ tán. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Ó dúdú, ó dùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa ń dà bí ìgbà téèyàn lá kọ́kọ́rọ́. Ìgbẹ́ mi á dúdú bí èédú, ìyá mi á ní ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, omi pòròpòrò bàbà, pupa fòò nínú ife. Ní Sátidé á gún ẹ̀fọ́ úgú, á fún omi rẹ̀, á da mílíìkì sí i. Móòtì àti mílíìkì wà fún ọjọ́ tí eegun bá ń ro mí. Á wá kó fítámì C mẹ́ta mẹ́rin lé mi lọ́wọ́, torí ẹnì kan ní kẹ́míìsì sọ fún un pé òun ló ń jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ wọlé dáadáa. Òótọ́ lẹni yẹn sọ o. Fítámì C máa ń jẹ́ kí ìfun gba irin sí i. Òótọ́ tí kò yẹ ara mi ni.

Bí ẹ bá ti ń múra láti bá ìyá mi wí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Èmi tí mo kàwé, nígbà tí mo kó kúrò nílé tí mo ń ná owó ara mi, ìgò méjì ni mò ń rà lóṣù.

Ohun tí kò yé wa ni pé kì í ṣe àìsí irin ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ SS kéré. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ló ń tètè bàjẹ́. Ti ẹlòmíràn á lò tó 120 ọjọ́ kó tó gbó, tiwa á lò bí 10 sí 20. Irin tó wà nínú èyí tó bàjẹ́ kì í sì í dà nù, ara á kó o pa mọ́ láti fi ṣe òmíràn. Èmi tí irin kún ilé mi ni mo tún ń lọ ra irin lọ́jà.

Lọ́dún 2020 ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo kọ́kọ́ dúdú. Kì í ṣe dúdú tó ń dán, dúdú eléérú ni, bí aṣọ tí wọn ò ṣan omi aró kúrò lára rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ń ṣeré pé aró ti ràn mí. Ẹnì kan bi mí ní ìkọ̀kọ̀ pé kíríìmù wo ni mò ń lò. Nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró. Mo ṣe àyẹ̀wò oyún lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí oyún, àdúrà sì ń lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ egungun ìhà mi lápá ọ̀tún ń wú mi bí ẹni gbé òkúta sí i. Ó rẹ̀ mí, àárẹ̀ tí oorun ò lè mú lọ. Mi ò lè fún aṣọ kan ṣoṣo gbẹ kí n má jókòó.

Kí ni mo ṣe? Mo fi kún oògùn ẹ̀jẹ̀. Ṣíbí méjì, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ló ń tán.

Nígbà tó yá, òùngbẹ dé, mo sì ń tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Wọ́n yẹ ṣúgà mi wò láàárọ̀ kí n tó jẹun, ó jẹ́ 171. Ó yẹ kó má tó 126 rárá. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Kò sẹ́ni tó ní in nínú ìdílé wa, mi ò sanra, mi ò sì fẹ́ràn nǹkan dídùn. Wọ́n fún mi loògùn ṣúgà, mo lọ sílé. Fún oṣù márùn-ún, ibi tí mo ti ń gba ìtọ́jú ṣúgà, ibi tí mo ti ń béèrè nípa nǹkan oṣù, ibi tí mo ti ń gba ẹ̀jẹ̀, wọn ò mọ ara wọn. Èmi náà ò sọ ti ọ̀hún fún ti ìhín. Mo rò pé àìsàn mẹ́ta ni.

Dókítà tó bi mí ní píńtì mélòó yẹn ló so wọ́n pọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ni, mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti aago méje, ó sì ti lé ní aago kan kí ó tó kàn mí. Ó wo àwọ̀ mi, ó tẹ ẹ̀dọ̀ mi, ó ka ìwé ṣúgà. Ó ní kí n lọ bá ìyá mi, ká jọ kà á.

Mo ra ìwé ẹlẹ́wé 40 kan, mo fi rúlà fa ìlà sí i. Ìyá mi jókòó sórí àpótí níta, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò rò pé ó lè rántí. Àmọ́ kò fi ọdún kà á, ẹni tó fún wa lẹ́jẹ̀ ló fi ń kà á. Nílẹ̀ wa níbí, bí wọ́n bá fún ẹ lẹ́jẹ̀, èèyàn rẹ gbọ́dọ̀ wá fi tirẹ̀ dípò, ìyá mi ò sì lè gbàgbé ẹni tó ṣe irú oore bẹ́ẹ̀. "Àkọ́kọ́, ti bàbá rẹ ni. O ò tíì pé ọdún méjì. Èkejì, ti Bọ̀dá Káyọ̀dé, ìgbà tí wọ́n ń sin màmá àgbà. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ti àwọn ọmọ yunifásítì méjì tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa, mi ò san án fún wọn títí wọ́n fi lọ." Ó dárúkọ ẹni tó gun ọ̀kadà láti Ìkìrun wá. Ó dárúkọ káfíńtà tó ṣe ìlẹ̀kùn wa. Mẹ́rin ti ọjọ́ tí mo bímọ. Ọ̀kan tí wọ́n fi lé mi lára lọ́jọ́ kejì, "kí ojú ẹ lè mọ́ kí a tó kó ọmọ jáde."

Ibi tí a parí sí ni 31. Ìyá mi wo ìwé náà, ó ní kí n kà á padà fún òun. Mo kà á. Kò sọ nǹkan kan, ó padà sídìí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n àwọn tó dára ló ń ṣà dà nù.

Bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Nínú àpò ẹ̀jẹ̀ kan, irin tó wà níbẹ̀ tó mílígíráàmù 200 sí 250. Ara èèyàn kò ní ọ̀nà tó ń gbà lé irin jáde. Èyí tó ń bọ́ fúnra rẹ̀ lójúmọ́, bí awọ ṣe ń ṣí àti bí inú ìfun ṣe ń pààrọ̀ ara rẹ̀, kò ju mílígíráàmù kan sí méjì lọ. Ẹnu ọ̀nà tí ara ń ṣọ́ ni ìfun: bí irin bá ti tó, ìfun á dín èyí tó ń gbà nínú oúnjẹ kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà gba ojú iṣan kò gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Ó ti wà nínú ilé. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá gbó, irin rẹ̀ á dúró. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbà á sílé, tí ẹ̀dọ̀ bá kún, á wọ ọkàn, á wọ ẹ̀yà ara tó ń bójú tó ṣúgà, á wọ ibi tó ń pàṣẹ fún nǹkan oṣù nínú orí. Píńtì 31 ní ọ̀nà 200, ó ju gíráàmù mẹ́fà lọ. Gbogbo irin tó wà lára èèyàn tó pé, láti orí dé ẹsẹ̀, kò ju gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Èmi tètè gbọ́ ọ ju bó ṣe rò lọ, torí iṣẹ́ mi ni. Aṣọ tí a rì bọ inú aró lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ ojú ọ̀run ni. Bí a bá fẹ́ kó dúdú, a ó sá a, a ó tún un rì, a ó sá a, a ó tún un rì. Kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí ìgbà kan pé ìgbà yìí gan-an ló dúdú. Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n bí mi sí, ara mi ni wọ́n sì ń rẹ.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí irin tí ara kó pa mọ́ ṣe pọ̀ tó ni ferritin. Ẹ fetí sí èyí, torí ó ná mi lówó: wọ́n ṣe tèmi ní ọjọ́ tí ìrora eegun ṣì wà lára mi, ó jáde ní 5,210. Dókítà ní òun ò lè gba iye yẹn gbọ́, pé ara tó ń gbóná tàbí tó wà nínú ìrora máa ń gbé ferritin lọ sókè fúnra rẹ̀. Kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ara mi bá ti balẹ̀. Ó wá jẹ́ 3,870. Bó bá ti ń lé ní 1,000 fún ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ro oògùn tó ń wọ́ irin jáde. Ó dùn mí pé mo sanwó lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n iye oògùn tí ẹni 3,870 máa lò yàtọ̀.

Ìyá mi bá mi lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó bi dókítà ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá: "Dókítà, ọmọ mi, bí irin bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ ò ṣe kàn fa ẹ̀jẹ̀ jáde?" Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn, màmá, fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó tí irin rẹ̀ pọ̀. Ti ọmọ yín, ẹ̀jẹ̀ tí a máa fà jáde ni kò sí. Ó ní ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń fa tẹni jáde bí wọ́n ṣe ń fa ti ẹlòmíràn wọlé, irin rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kó jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ló ń gbà.

Deferasirox, oògùn mímu tó ń wọ́ irin jáde, ni wọ́n kọ fún mi. Kí wọ́n tó kọ ọ́, wọ́n yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ mi wò, torí ó lè ṣe wọ́n níbi. Àṣìṣe tí mo ṣe pẹ̀lú rẹ̀ kò lóǹkà. Bí mo ṣe délé lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ irin, mo kó gbogbo ohun tó ń jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ dà sí ààtàn, àti fólíìkì pẹ̀lú. Oṣù méjì ni mi ò lo fólíìkì. Kò sí irin kankan nínú fólíìkì tí wọ́n ń fún wa; òun ló ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Dókítà fi ohùn líle bá mi wí lọ́jọ́ yẹn, ó sì tọ́ sí mi. Ẹ ka ara páálí. Bí ẹ bá rí iron tàbí ferric níbẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó lò ó.

Wọ́n ní kí n máa po oògùn náà sínú omi, kí n mu ún nígbà tí inú mi ṣófo, ó kéré tán ààbọ̀ wákàtí ṣáájú oúnjẹ. Èmi ń fi ògì àti mílíìkì lé e. Nígbà tí inú ń run mí, mo ra oògùn tó ń pa ọgbẹ́ inú, èyí funfun tó dà bí ẹfun, mo mu ún pọ̀ mọ́ ọn. Oníkẹ́míìsì kan ní Ọláìyá, Ọlọ́run bù kún un, ló rí méjèèjì lọ́wọ́ mi tó ní aluminium inú èyí ò gbọdọ̀ pàdé ìyẹn. Àyà, ọwọ́ àti ọrùn mi sú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbẹ́ gbuuru lé mi kúrò nídìí ìsọ̀ mi lọ́jọ́ tí oníbàárà láti Èkó wá ra igba aṣọ. Ní báyìí, aago márùn-ún àbọ̀ àárọ̀ ni mo ń mu ún, nínú ife gíláàsì, mo ń rò ó títí kò fi ní rí kókó mọ́. Ó funfun, kò dùn, kò korò. Lẹ́yìn tí mo bá mu ún, mo tún máa ń bu omi díẹ̀ ṣan ife náà mu, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú àṣìṣe mi, owó ló fà á. Oògùn náà wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọjọ́ mẹ́ta, kí n fo ọjọ́ mẹ́ta, kí páálí kan lè tó oṣù méjì. Mi ò sọ fún dókítà. Ọdún kan, ferritin kúrò ní 3,870, ó dé 3,640. Ó fẹ́ fi kún oògùn mi. Ìgbà yẹn ni mo jẹ́wọ́. Kò bínú. Ó ní bí òun bá fi kún un tí mo wá rówó lò ó pé lójijì, kíndìnrín mi ni ìbá san án. Mo dá àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́sàn-án, orúkọ tí mo fi dá a ni "Irin". Wọ́n rò pé ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ ṣe.

Àwọn kan wà ní kíníìkì wa tí kì í ṣe oògùn mímu ni wọ́n ń lò. Ọmọkùnrin kan, bí ọdún 19, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ló ń gún sábẹ́ awọ ikùn lálẹ́, ẹ̀rọ kékeré á máa fún un ní deferoxamine fún wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá, òru márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó ní ìtọ̀ òun máa ń pupa bíi tíì bí irin ṣe ń bá a jáde. Ó ń fi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń yangàn. Mo jowú rẹ̀ díẹ̀, torí ó ń fojú rí i.

Wọ́n tún fi oògùn kan tó ń jẹ́ hydroxyurea kún tèmi, kí kíráísì, ìrora eegun tó máa ń dé sí wa, lè dín, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa máa já wálẹ̀. Dókítà kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ bímọ, torí kò yẹ kéèyàn lóyún lórí rẹ̀. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò déédéé. Lọ́dọọdún, mo ń lọ yẹ ojú àti etí wò nítorí deferasirox.

Ó ku ìwà òmùgọ̀ kan tí ojú ń tì mí láti kọ. Lọ́dún 2023, mo ti wá mọ ọ̀rọ̀ irin débi pé mò ń kọ́ ẹlòmíràn. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí lóru ọjọ́ kan, mi ò lè mí kanlẹ̀, PCV mi ti já sí 13. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ dé, mo ní mi ò gbà. Mo fa ìwé mi yọ, mo ń ka 31 fún wọn. Dókítà ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ lóru yẹn tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní, "Àǹtí, irin ń pa èèyàn fún ọdún mẹ́wàá. Èyí tó wà lára yín yìí, kò ní dúró de àárọ̀." Ìyá mi lu etí bẹ́ẹ̀dì: "Àbẹ̀kẹ́! Gba ẹ̀jẹ̀ náà!" Mo gbà á.

Nǹkan oṣù mi ti padà. Àwọ̀ mi ń padà díẹ̀díẹ̀. Ṣúgà ò padà, mo ṣì ń gún insulin. Ferritin tí mo ṣe kẹ́yìn jẹ́ 1,640.

Ìwé ẹlẹ́wé 40 náà wà nínú báàgì mi, mo ń gbé e lọ síbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kàn mí. Ní iwájú rẹ̀ ni mo kọ "PCV mi: 22" sí gàdàgbà. Ìlà 32, ti òru ọjọ́ yẹn ni, ìyá mi ló ní kí n kọ orúkọ ẹni tó wá fún wa lẹ́jẹ̀ sí i: ọmọ mi ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18. Ìlà 33 ṣì ṣófo. Bí ìyá mi bá wá kí mi, kó tó jókòó, á ní kí n gbé ìwé náà wá, á ṣí i débẹ̀, á wò ó, á pa á dé.